Ọ̀nà tí Ọ̀rọ̀ Gbà Dé Kika

Ní ọjà Kika, iyán kan ṣoṣo lè jẹ́ orúkọ mẹ́rin kó tó tutù. Àwa Nàgó ní iyán ni. Ará Ìbààbá tó jókòó tì wá ní sokuru ni. Awakọ̀ tó ti Kùtọnu gòkè wá á ní kí wọ́n bu agoun fún òun, nítorí bí àwọn Fọ̀n ṣe ń pè é nìyẹn. Òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá á sọ ọ́ ní Faransé, igname pilée. Inú odó kan náà ni gbogbo rẹ̀ ti jáde. Ìyá olóúnjẹ mọ orúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kì í béèrè lẹ́ẹ̀mejì.

Inú irú ọjà bẹ́ẹ̀ ni mo dàgbà sí. Abẹ́ Tchaourou ni Kika wà, ní ẹkùn Borgou, lórílẹ̀-èdè Benin. Ìbààbá, Nàgó àti Fúlàní la jọ ń gbé. Odò Òpárá kò jìnnà sí wa, ààlà Nàìjíríà náà kò jìnnà. Iṣẹ́ tí mo fi èyí tó pọ̀ jù nínú ayé mi ṣe ni kíkọ́ àwọn obìnrin tó ń ṣe òrí ní mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ní èdè tí wọ́n bá lẹ́nu ìyá wọn. Màdáàmù ni wọ́n ń pè mí, àmọ́ àwọn gan-an ló kọ́ mi ní púpọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Ohun tó mú mi kọ ọ́ ni gbólóhùn kan tí mo ń gbọ́ lemọ́lemọ́, lẹ́nu àwọn tó ti Ìbàdàn tàbí Èkó wá bá wa ra iṣu, àti lẹ́nu àwọn ọmọ tiwa tí wọ́n ti débẹ̀ bọ̀: pé Yorùbá wa ti bàjẹ́, pé Faransé àti Ìbààbá ti bà á jẹ́, pé àdàmọ̀dì ni. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé egungun. Ẹni tó bá tọpasẹ̀ ọ̀rọ̀ inú ẹnu wa lọ́kọ̀ọ̀kan yóò rí i pé ọ̀nà tó gbà wá jìn, ó sì ti pẹ́. Àwọn mìíràn lára ọ̀rọ̀ tí Ìbàdàn fi ń yangàn, ilẹ̀ Borgu ni wọ́n gbà kọjá.

Ẹ jẹ́ ká ti orí ohùn bẹ̀rẹ̀. Níbi tí ìwé Yorùbá bá ti kọ ṣ, ahọ́n ará Ṣábẹ̀, Nàgó bíi tiwa, máa ń kan òkè ẹnu ná kó tó tú èémí sílẹ̀. Àwọn Faransé gbọ́ ọ, wọ́n sì fi lẹ́tà mẹ́ta kọ ọ́: tch. Ìdí nìyẹn tí Ṣábẹ̀ fi ń jẹ́ Tchabè nínú ìwé wọn. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni àwọn onímọ̀ èdè ń lò fún un, ìyẹn c, nítorí náà Ṣábẹ̀ di Cabe lọ́dọ̀ wọn, Ìdáìṣà di Idaca. Iṣu lẹ́nu wa di icu. Ẹni tó bá sì rò pé òdìkejì ààlà nìkan ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ báyìí, kó wọkọ̀ lọ sí Ṣakí, kó fetí sí àwọn ará Òkè-Ògùn tó ń sọ Ońkò. Bí a ṣe ń pè é ni wọ́n ń pè é. Ará Ìbàdàn ní tirẹ̀ sọ ṣ di s, ó ń jẹ isu, ó ń ṣe isẹ́. Ará Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì ń sùn sínú ulé. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tí ọ̀rọ̀ bàjẹ́ mọ́ lẹ́nu. Èdè kan ló ní ẹnu púpọ̀.

Báwo wá ni ẹnu kan ṣe di ti ìwé? Ó yẹ kí gbogbo ọmọ Yorùbá mọ ìtàn yìí dáadáa. Wọ́n kó Samuel Àjàyí Crowther lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821. Ní 1822 ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun, wọ́n sì gbé e lọ sí Freetown ní Sàró. Níbẹ̀ ló ti bá ọmọ Ẹ̀gbá, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ọmọ Ìjẹ̀bú, ọmọ Yàgbà, gbogbo wọn tí òkun ì bá gbé lọ, tí oníkálukú ń fi ẹnu ìlú tirẹ̀ kí ara wọn: ẹ kú àárọ̀, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrìn. Àwọn tó yí wọn ká gbọ́ "kú" yìí títí, wọ́n wá sọ gbogbo wọn ní Akú. Ní 1843 Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde, ó sì pè é ní ti èdè Yorùbá. Ará Ọ̀yọ́ ni orúkọ yẹn ń tọ́ka sí nígbà náà. Sigismund Koelle, ará Jámánì tó jókòó ní Freetown kan náà tó ń kó ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn tí wọ́n dá sílẹ̀ lóko ẹrú, sọ ọ́ gbangba nínú Polyglotta Africana tó tẹ̀ jáde ní 1854 pé kò tọ́ kí àwọn míṣánnárì máa fi orúkọ Yorùbá bo gbogbo Akú mọ́lẹ̀. Wọn kò gbọ́ tirẹ̀. Ní 1875 wọ́n pàdé ní Èkó láti fẹnu kò lórí àkọtọ́, ní 1884 odindi Bíbélì ti wà ní Yorùbá, Yorùbá tó jókòó sórí ahọ́n Ọ̀yọ́ ni.

Mo bọ̀wọ̀ fún Yorùbá yẹn. Òun ni mo fi ń kọ èyí, kí ẹni tó wà ní Abẹ́òkúta àti ẹni tó wà ní Kétu lè jọ kà á. Ṣùgbọ́n ọ̀kan lára àwọn ọmọ ìyá ni, òun kọ́ ni ìyá.

Orúkọ àwa náà rìn gbéregbère. Ànàgó tòótọ́ ni àwọn ará ìhà Ìpókíá. Àwọn ará Dahomey gbọ́ ọ, wọ́n sì nà án dé orí gbogbo ẹni tó ń sọ èdè wa, láti Kétu dé Ṣábẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń kó wa wọ ọkọ̀ ẹrú, orúkọ náà bá wa wọlé, ó sì di nagô ní Brazil. Ní Cuba wọ́n ń pè wá ní Lucumí. Orúkọ Yorùbá fúnra rẹ̀, ìwé tó pẹ́ jù lọ tí a ti rí i ni èyí tí Ahmad Baba, ọ̀mọ̀wé Timbuktu, kọ ní 1615, ó jìnnà sí Ilé-Ifẹ̀ gan-an. Nígbà tí ogun Dahomey wó Kétu ní 1886, ẹni tí wọ́n mú níbẹ̀ lè jẹ́ Kétu nílé, kó jẹ́ Nàgó ní Abomey, olú-ìlú Dahomey. Ọ̀kan náà ni ènìyàn yẹn.

Ohun méjì wà tó ṣẹlẹ̀ ní 1898 tí mo máa ń fi sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ní 14 Okúdù ọdún náà, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jókòó ní Paris, wọ́n parí ààlà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní 1889. Ti 1889 yẹn láti etí òkun dé ìlà ìbú kẹsàn-án ni. Ti 1898 ló gba àárín Borgu kọjá, lẹ́yìn tí wọ́n ti sáré ìje lé e lórí, tí Lugard, ará Gẹ̀ẹ́sì, ti dé Nikki tó sì ti gba àdéhùn níbẹ̀ ní 10 Bélú 1894. Faransé mú Nikki, Gẹ̀ẹ́sì mú Bussa. Ẹbí tó ń jẹun nínú àwo kan náà bọ́ sábẹ́ ìjọba méjì. Láti ìgbà náà ni ọmọ ìyá méjì ti ń yá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá méjì: ọ̀kan ń lọ sí súkù, èkejì ń lọ sí ékóòlù.

Ọdún 1898 kan náà ni Joseph Wright tẹ ìdìpọ̀ kìn-ín-ní ìwé atúmọ̀ ẹ̀ka-èdè Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ jáde. Mo fẹ́ràn ìtàn ọkùnrin yìí. Ọmọ tálákà ni, wọ́n bí i ní 1855 lẹ́bàá Bradford, ní Yorkshire. Láti kékeré ló ti ń dakẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, lẹ́yìn náà ó wọ ilé iṣẹ́ ìhunṣọ, ó sì ti tó ọmọ ọdún 15 kó tó mọ̀wé kà. Ọkùnrin yìí ló di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Oxford ní 1901. Kó tó kan ìwé ńlá yìí, ó ti kọ gírámà ẹnu abúlé tirẹ̀, Windhill, ní 1892. Ìdìpọ̀ mẹ́fà ni ìwé atúmọ̀ náà, ó parí ní 1905. Ọ̀rọ̀ àgbẹ̀, ọ̀rọ̀ awakùsà, ọ̀rọ̀ ìyá tó ń wẹ ọmọ, gbogbo rẹ̀ ló kó jọ, ó sì kọ àgbègbè tí wọ́n ti ń sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Níbẹ̀ ni ẹ ó ti rí i pé ará Yorkshire ń pe odò kékeré ní beck, ó ń pe ọmọdé ní bairn, tó bá fẹ́ ṣeré á ní òun fẹ́ laik. Àwọn tí wọ́n kàwé ní London ti fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà fún ìgbà pípẹ́ pé èdè ará oko ni. Àmọ́ beck àti laik, èdè àwọn ará Norway àti Denmark tí wọ́n wá tẹ̀dó sí ìhà àríwá Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí 1,100 ọdún sẹ́yìn ni. Ọ̀rọ̀ ará oko yẹn ń sọ ibi tí àwọn baba ńlá gúnlẹ̀ sí. London ti gbàgbé, ẹnu abúlé kò gbàgbé.

Ìdí tí mo fi mú Wright wọ inú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Lọ́dún tí wọ́n ń tẹ ọ̀rọ̀ àwọn òtòṣì ilẹ̀ wọn sínú ìwé pẹ̀lú ọ̀wọ̀, wọ́n fa ìlà gba orí tiwa kọjá láìbéèrè ohun tí à ń pe ohunkóhun.

A ti ní ẹni tó gbìyànjú láti ṣe irú iṣẹ́ Wright fún wa. Ọmọ Ṣábẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọlábíyìí Babalọlá Yáì, ẹni tó kọ́ni ní Ifẹ̀ àti ní Florida, tó sì ṣe alága ìgbìmọ̀ aláṣẹ UNESCO láti 2007 dé 2009. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, òun àti John Igué jọ kọ̀wé lórí àwọn tó ń sọ Yorùbá ní Dahomey àti Togo, àwọn tí ìwé Nàìjíríà sábà máa ń fò dá. Ní 1996, ìwé atúmọ̀ Yorùbá sí Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀ jáde. Ó kú ní 2020. Iṣẹ́ tó kù pọ̀, ti abúlé sí abúlé ni.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọjà. Ẹ mú obì méjì lórí àtẹ, kí ẹ là wọ́n. Àkọ́kọ́ yapa sí awẹ́ mẹ́rin, nígbà mìíràn mẹ́ta tàbí márùn-ún: obì àbàtà nìyẹn, òun ni wọ́n ń dà níwájú òrìṣà, nítorí awẹ́ mẹ́rin ló lè dáhùn. Èkejì tóbi jù ú lọ, awẹ́ méjì péré ló ní, ó dán, ó sì le. Gbànja ni. Gonja, ilẹ̀ kan ní àríwá Ghana òde òní, ló wà nínú orúkọ yẹn. Inú igbó Asante ni obì náà ti ń so, Salaga ní Gonja sì ni ọjà ńlá rẹ̀. Àwọn oníṣòwò Wangara àti Haúsá á dì í sínú ewé tútù, wọ́n á gbé e ka kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ àti orí ènìyàn, wọ́n á gba Djougou, wọ́n á gba Nikki, wọ́n á rékọjá odò Ọya títí wọ́n á fi dé ilẹ̀ Haúsá. Ọ̀nà náà la Borgu já. Ẹni tó bá ń jẹ gbànja níbi ìkómọ ní Èkó lónìí, orúkọ ọ̀nà yẹn ló ń pè láìmọ̀.

Ẹsìn Ìsìláàmù bá obì rìn lójú ọ̀nà yẹn. Kí ló dé tí Yorùbá fi ń pe ọ̀mọ̀wé Mùsùlùmí ní ààfáà? Nítorí pé alfa ni àwọn Songhai ń pè é, àwọn Songhai yìí àti àwọn ìbátan wọn ló mú un wá bá wa. Dendi tí wọ́n ń sọ ní Parakou àti Djougou títí di òní, ọmọ ìyá èdè Songhai ni. Mo máa ń gbọ́ alfa lẹ́nu oníṣòwò Dendi ní Parakou, kí n wá délé gbọ́ ààfáà lẹ́nu àǹtí mi, ọ̀nà àárín méjèèjì kò sì ju ìrìn ọkọ̀ kan lọ. Ìmàle ńkọ́? Ilẹ̀ Mali ni àwọn ọ̀mọ̀wé sábà máa ń gbà pé ó wà nínú rẹ̀.

Òrí ni mo mọ̀ jù, ẹ jẹ́ kí n farabalẹ̀ díẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí òjò bá ti ń rọ̀ dáadáa, èso òrí á máa já bọ́. Àwọn obìnrin á jí kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ewúrẹ́ tó dé ìdí igi. Wọ́n á ṣa á, wọ́n á bọ́ ara rẹ̀ kúrò, wọ́n á se kóró inú rẹ̀, wọ́n á sá a sóòrùn, wọ́n á fọ́ ọ. Wọ́n á tún yan án lórí iná títí yóò fi dúdú, wọ́n á lọ̀ ọ́ títí yóò fi rí bí ẹrẹ̀. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Obìnrin á jókòó ti ọpọ́n, á da omi sí i, á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ pò ó, á pò ó títí apá á fi dùn ún, lẹ́yìn náà ohun dúdú yẹn á ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í funfun, á fúyẹ́, á léfòó. Ẹni tí kò bá mọwọ́ omi, tó bá da gbígbóná jù tàbí tútù jù, òrí rẹ̀ kò ní dìde. Wọ́n á kó ìfóòfó yẹn, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á sè é títí omi á fi gbẹ tí òróró á kù, wọ́n á wá jẹ́ kó dì. Òrí ti dé nìyẹn.

Ẹ wá wo bí ayé ṣe ń pè é. Faransé ní karité. Lẹ́nu àwọn Wolof ní Senegal ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Gẹ̀ẹ́sì ní shea. Mungo Park, ará Scotland, ló gbọ́ ọ lójú ọ̀nà rẹ̀ ní ilẹ̀ Bambara, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ìrìn àjò tó tẹ̀ jáde ní 1799. Obìnrin tó ń fi í para ní Paris ń sọ ọ̀rọ̀ Wolof, èyí tó ń fi í para ní London ń sọ ọ̀rọ̀ Bambara. Kò sí èyí tó ń pè é ní òrí, nítorí àwọn tó kọ́kọ́ kọ̀wé kò gba ọ̀dọ̀ wa. Àwọn oníbàárà tó ń bọ̀ láti ilẹ̀ òkèèrè máa ń wá fi karité kọ́ àwọn obìnrin wa, bí ẹni pé orúkọ ohun náà gan-an nìyẹn. Nínú kíláàsì mi, òrí la kọ sójú pátákó. Karité wà ní ìsàlẹ̀, fún ìwé owó.

Wàràkàṣì náà ní ìtàn tirẹ̀. Àwọn obìnrin Fúlàní ló ń ṣe é. Wọ́n á gbé wàrà màlúù kaná, wọ́n á fún omi ewé àti igi bomubómu sí i, wàrà náà á sì ṣù. Jákèjádò Benin, wagashi ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì sábà máa ń fi omi èèpo ọkà bàbà pa á láró pupa kó má bàa tètè bàjẹ́. Ní Ìlọrin àti Ọ̀yọ́, wàrà lásán ni wọ́n ń pè é, funfun ni wọ́n ń tà á. Ìyá Fúlàní kan náà ló lè ta á fún yín ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ààlà, orúkọ àti àwọ̀ ló yàtọ̀. Èlùbọ́ ńkọ́? Àwọn Fọ̀n ń pè é ní télibo, etí mi sì ń gbọ́ èlùbọ́ nínú rẹ̀ dáadáa. Iṣu kokoro ni wọ́n fi ń ṣe é lọ́dọ̀ wa. Laboko, iṣu iyán ni, ẹnikẹ́ni kò ní fi laboko ṣe èlùbọ́ àyàfi tí nǹkan bá ti dàrú.

Àgbàdo gba ìhà kejì wá, láti òkun. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti gbé e wá, àwọn Potogí àti àwọn tó bá wọn ṣòwò ló tàn án ká. Fọ̀n ń pè é ní gbadé, àwọn Gùn Àjàṣẹ́ ń pè é ní gbado. Kò sí ẹni tó lè gbọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kó ní wọn kì í ṣe ẹbí. Ẹ̀gẹ́ náà, tí àwọn mìíràn ń pè ní pákí tàbí gbágùúdá, ti Brazil wá, àwọn Àgùdà tó padà dé láti Bahia sì wà lára àwọn tó jẹ́ kí gààrí gbilẹ̀ ní etí òkun ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún. Títí di òní, ìjọ Kátólíìkì lẹ́nu Yorùbá ni ìjọ Àgùdà.

Irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kò gbọdọ̀ jáde lẹ́nu ní ilé ìwé tí mo lọ. Ọmọ tí wọ́n bá gbọ́ tó sọ èdè ilé, igi pélébé kan ni wọ́n á so okùn mọ́, wọ́n á gbé e kọ́ ọ lọ́rùn. Signal ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá gbé e á máa ṣọ́ ẹlòmíràn tí yóò fẹnu kọ, kó lè gbé e kọ́ ọ lọ́rùn. Ẹni tó bá wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tí aago bá lù ló ń jẹ ẹgba. Ọ̀rẹ́ ń ṣọ́ ọ̀rẹ́. Omijé ọmọdé tí mo rí níbẹ̀ kò kúrò lọ́kàn mi. Lẹ́yìn tí mo dàgbà ni mo kà pé Faransé ti ṣe é fún àwọn ọmọ Breton ní ilẹ̀ tiwọn náà, pé wọ́n ti gbé irú igi bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ Wales lọ́rùn nítorí èdè wọn. Ìyà kan náà ni wọ́n fi jẹ abúlé káàkiri.

Lẹ́yìn tí ọ̀gá ológun Kérékou gbàjọba ilẹ̀ wa ní 26 Ọ̀wàrà 1972, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa èdè orílẹ̀-èdè. Ọdún 1975, tí Dahomey di Benin, náà ni wọ́n ṣe álífábẹ́ẹ̀tì kan fún gbogbo èdè wa. Nínú rẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ti Nàìjíríà á rí ɛ níbi tí ẹ ti ń kọ ẹ, ɔ níbi tí ẹ ti ń kọ ọ, kp níbi tí ẹ ti ń kọ p: epo di ekpo. C wà níbẹ̀ fún ohùn tiwa. Mo rántí bí ojú àwọn obìnrin ṣe máa ń rí nígbà tí wọ́n bá kọ icu fún ìgbà àkọ́kọ́, tí wọ́n bá kà á sókè tí ó sì rí gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lóko. Ọ̀kan nínú wọn, ìyá àgbà kan, ní, "Màdáàmù, ẹnu mi rèé."

Ọ̀rọ̀ kò dúró láti ìgbà náà. Alùpùpù akérò ní Nàìjíríà ń jẹ́ ọ̀kadà, láti ara Okada Air, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú olóyè Igbinedion. Lọ́dọ̀ wa zémidjan ni, ọ̀rọ̀ Fọ̀n, kí ó tètè gbé mi lọ. Níbi tí ọ̀nà Kika bá ti sún mọ́ ààlà, ẹ ó gbọ́ méjèèjì lẹ́nu ọ̀dọ́mọkùnrin kan ṣoṣo, bó bá ṣe mọ oníbàárà sí. Epo bẹntiróòlù tí wọ́n ń kó wá láti Nàìjíríà, tí wọ́n ń fi ìgò tà lẹ́bàá ọ̀nà, kpayo ni. Nígbà tí Nàìjíríà yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 29 Èbìbí 2023, owó kpayo fò sókè lójijì, àwọn àgbẹ̀ wa sì mọ̀ ọ́n lápò wọn kí rédíò tó ṣàlàyé.

Kájú ló ń mú ọ̀rọ̀ tuntun wá jù nísinsìnyí. Àwọn Tupi, onílẹ̀ Brazil, ló kọ́kọ́ pè é ní acaju, Potogí gbà á lẹ́nu wọn ó di caju, ó sì di kájú lẹ́nu wa. Anacarde tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń pè é, ọ̀rọ̀ ọkàn ní èdè Gíríìkì ló wà nínú rẹ̀, nítorí bí èso náà ṣe rí. Gbogbo agbègbè Tchaourou ló ń gbìn ín. Láti 1 Igbe 2024, ìjọba Benin ti fòfin de gbígbé kájú tí wọn kò tíì fọ́ jáde lórílẹ̀-èdè. Abẹ́lé ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ fọ́ ọ. Àwọn ọmọbìnrin tó ń lọ ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń fọ́ ọ ń kọ́ orúkọ ẹ̀rọ àti ti iṣẹ́ ní Faransé. Epo kan wà nínú èèpo kájú tó máa ń jó ọwọ́, tó máa ń bó awọ ìka. Mo bi wọ́n pé kí ni àwọn ń pè é láàrin ara wọn. Ọ̀kan ní oró kájú ni. Èkejì, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ Ìbààbá, sọ ọ́ ní èdè ìyá rẹ̀, ó sì ní kí n pè é tẹ̀lé òun kó lè dá òun lójú pé mo gbọ́ ọ dáadáa. Mo kọ méjèèjì sínú ìwé mi, mo kọ ibi tí mo ti gbọ́ wọn, mo sì fi ọdún sí i.